Owó Kòkó, Owó Ilé: Ìtàn Ìnáwó Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Láti Atosin

Ẹni tí ó bá kúrò ní Àkúrẹ́, tí ó kọjú sí ìhà gúúsù, tí ó sì rin ìrìn bíi máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín igbó àti oko kòkó, yóò dé ẹsẹ̀ àwọn àpáta gàgàrà tí ayé mọ̀ sí Òkè Ìdànrè, níbi tí Òdòdé, Aládé àti Atosin gbé fi ẹ̀yìn ti òkè, tí wọ́n sì kọjú sí oko. Àwọn baba ńlá Ìdànrè, ọmọ Olófin, ọmọ Ùfẹ̀ Òkè, ọmọ a-fi-àpáta-ṣe-odi, gbé orí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930; ẹni tí yóò bá sì lọ wo ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún lónìí, àtẹ̀gùn 660 ni yóò gùn. Nǹkan wọ̀nyí ni àwọn arìnrìn-àjò ń torí rẹ̀ wá, wọ́n sì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ òkè tí ẹnikẹ́ni kì í gun àtẹ̀gùn lọ wò, èyí tí mo gbà pé ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ tán: ìtàn bí ọmọ àgbẹ̀ Atosin tí ó fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ ṣe ń sanwó yàrá, owó iná, owó epo ìdáná àti owó oúnjẹ ní ìlú onílùú, láti ayé pọ́n-ùn àti ṣílè títí di ayé tí owó ń gba orí fóònù kọjá.

Kí a tó mọ bí ọmọ ṣe ń náwó, ó yẹ kí a mọ ibi tí owó ti ń wá. Agbègbè Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà; kòkó ni aṣọ ọdún, kòkó ni páànù orí ilé, kòkó náà sì ni ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n igi kòkó kì í sanwó lójoojúmọ́. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí wọ oṣù Ṣẹrẹ ni ìkórè ńlá. Láti oṣù Igbe sí oṣù Òkúdù ni ìkórè kékeré, èyí tí òjò kì í jẹ́ kí ó gbẹ bọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ yóò já èso, yóò fọ́ ọ, yóò kó hóró tútù rẹ̀ jọ, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè kan, yóò sá a, yóò máa fi ẹsẹ̀ rò ó nínú oòrùn, yóò máa sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Ìgbà tí ó bá gbẹ tí ó ń dún wàràwàrà lọ́wọ́ ni ó tó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, owó á dé wìtìwìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó lè di oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kí òmíràn tó yọjú.

Nítorí náà, ọgbọ́n tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ti àgbẹ̀ kòkó lẹ́yìn ọgbọ́n oko ni ọgbọ́n pípín owó ọjọ́ kan sí oṣù púpọ̀. Àwọn ìyá tí kò mọ ìwé a máa di owó náà sí ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí fún owó orí, èyí fún ilé ẹ̀kọ́, èyí fún ìnáwó àna, èyí fún oúnjẹ ìgbà tí iṣu tuntun kò tíì ta, wọn kì í sì í tú ìdì kan nítorí òmíràn. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò tọ àwọn tí ń ra kòkó lọ láti gba owó sílẹ̀ lórí èso tí kò tíì pọ́n, tàbí kí ó tilẹ̀ fi oko dúró fún gbèsè, kí olówó máa ká a títí owó yóò fi san tán. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti ọmọ wa, Isaac Dina, yẹ ìnáwó àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wò ní 1951 sí 1952, tí wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1956, ọ̀rọ̀ owó tí ń dé lẹ́ẹ̀kan tí ebi sì ń dé lójoojúmọ́, pẹ̀lú gbèsè tí ó ń hù láàárín méjèèjì, gba àyè ńlá níbẹ̀. A kì í sì í sọ pé àgbẹ̀ tí ó jẹ gbèsè ya ọ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn gùn, ikùn kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó wá fi ẹrù kún ẹrù. Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, tí àwọn ọmọ oko fi ya wọ kíláàsì bí omi. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà parí sí ìwé mẹ́fà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá mọ̀wé tayọ ìyẹn ní láti wo ọ̀nà ìlú mìíràn: Ondo Boys' High School tí ó ti wà láti 1919, Aquinas College ní Àkúrẹ́ láti 1951, Oyemekun Grammar School ní Àkúrẹ́ bákan náà láti 1953, àti àwọn mìíràn. Ilé ìwé onílégbèé wọ́n. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀ a fi ọmọ sọ́dọ̀ ìbátan, ẹni tí kò bá ní ìbátan a gba yàrá fún un, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta láti abúlé kan náà á sì jọ máa gbé inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ayálégbé akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọmọdé ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kò tíì hu irùngbọ̀n, síbẹ̀ baálé ilé ni wọ́n nínú yàrá náà.

Ohun tí ó gbé ilé wọn ró jù kì í ṣe owó, àpò oúnjẹ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yóò padà, ìyá rẹ̀ a ti yan gàrí gbẹ táútáú kí ó má baà bu. A dì í sí ìsàlẹ̀ àpò, a fi elùbọ́ sínú àpò kékeré tí a fi aṣọ rán lé e lórí, a to ẹja gbígbẹ àti ata gbígbẹ sínú agolo, a rọ epo pupa sínú ìgò, a fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, a fi okùn so iṣu mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá dé yàrá, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ju pé kí ó wọn gàrí náà. Agolo mílíìkì ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá ti mọ iye agolo tí ó wà nínú àpò, tí ó sì mọ iye ọ̀sẹ̀ tí ó kù kí ilé ìwé tó ti ilẹ̀kùn, ti mọ iye tí ó lè jẹ lóòjọ́, yóò sì fi èédú fa ìlà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ìlà kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú má baà tan án. Nígbà tí àlejò bá dé, ìlà náà kò yí padà: agolo àlejò ti ara agolo ọ̀la ni ó ti ń jáde, gbogbo ará yàrá sì mọ̀. Mo ti bá àwọn àgbà tí ó ti di olùkọ́ àti amòfin sọ̀rọ̀ rí tí wọ́n ṣì ń fi agolo ṣírò nǹkan lọ́kàn.

Owó gan-an kò pọ̀ nínú ètò náà. Owó yàrá ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà náà a máa jẹ́ ti oṣooṣù, ṣílè ni a sì fi ń kà á; epo kẹrosíìnì jẹ́ ti ìgò, ọṣẹ àti iyọ̀ jẹ́ ti tọ́rọ́ àti sísì. Bàbá a fi mọ́nì ọ́dà ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí kí ó ká owó mọ́ inú ìwé, kí ó fi lé awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó mọ̀ lọ́wọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà nínú èyí kò sì kéré. Ohun kan tún wà tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn tí a kì í sábà rántí. Onílé tí ó gbà wọ́n sílé, àgbẹ̀ kòkó ni òun náà, tàbí ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní oṣù Ògún, tí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, wọn kò tíì ta kòkó nílé," kò sí ohun tí ó fẹ́ ṣe àlàyé fún un mọ́. Bàbá onílé mọ̀ pé owó tirẹ̀ náà wà lórí igi. Gbèsè owó ilé oṣù méjì tàbí mẹ́ta di ohun tí a ń san lẹ́ẹ̀kan nígbà ìkórè, iṣu kan á sì tẹ̀lé e láti fi tọrọ àforíjì.

Nígbà tí owó bá wá ṣe dandan, èésú àti àjọ ni ibi ìsádi. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ti ṣe àpèjúwe èésú bí ó ṣe wà láyé àtijọ́: ẹgbẹ́ tí olórí ń darí, tí olúkúlùkù ń dá iye kan náà ní àkókò tí wọ́n fi sí i, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ bí ó ti kàn án. Ní 1952, òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí ẹnu sì yà wọ́n pé àwọn ènìyàn tí kò ní báńkì ti dá báńkì sílẹ̀ láàárín ara wọn tipẹ́. Kò yẹ kí ẹnu yà wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó ti rí ìyá wọn nínú èésú sì gbé e wọ yàrá: ọmọ mẹ́rin a máa dá ṣílè kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kí ẹni tí ó kàn fi ra sítóòfù, tàbí kí ó san owó ìdánwò. Àjọ ní tirẹ̀ jẹ́ ti alájọ tí ń yí ká pẹ̀lú káàdì, tí owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ èrè rẹ̀; òun ni ó bá ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di owó mú.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbà kan dé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí a gbàgbé gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948 ni ó ti jẹ́ àṣà pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, inú ọgbà ni ó ń gbé, ọwọ́ ọgbà ni ó ti ń jẹun. Ọmọ Atosin tí ó bá wọ ibẹ̀, yálà nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba tàbí nípa owó kòkó bàbá rẹ̀, kì í mọ owó iná, kì í mọ owó omi. Àwo ni yóò gbé, oúnjẹ ni wọn yóò bù sí i. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹrẹ 1973, pọ́n-ùn kan sí náírà méjì, owó epo rọ̀bì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ní 1978 ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ òòjọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan ààbọ̀, ó sì gbé owó ibùsùn kúrò ní 30 náírà sí 90. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Ṣẹ́gun Òkeòwò jẹ́ ààrẹ wọn kò gbà. Wọ́n fi orúkọ kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ahmadu Ali, kọrin "Ali Must Go" láti ìlú dé ìlú, ìbọn sì pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1984, ìjọba mìíràn yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá, ilé oúnjẹ ọgbà sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn yìí, àwọn kan a máa ní nítorí abọ́ ìrẹsì kan ni gbogbo ariwo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí ilé ẹ̀kọ́ ń gbé láti 1948 ni wọ́n gbé padà sórí ìdílé, láìsọ fún ìdílé ibi tí yóò gbé e kà.

Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, bọ́ sínú àkókò náà gan-an. Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi pọ̀ ju ibùsùn inú ọgbà lọ, tí ilé fi ń hù yí ọgbà ká, pàápàá ní Apatapiti lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà gúúsù, yàrá tò tẹ̀lé yàrá. Ní 1986 ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká, iye owó kòkó fò sókè lójijì nítorí pé náírà ń já wálẹ̀, àgbẹ̀ sì ń ta fún ẹni tí ó bá wù ú. Owó dé Ìdànrè nígbà náà, lára rẹ̀ sì kọ́ ilé ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà náà ni àyípadà kan ti wáyé tí mo kà sí èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí: owó ilé kúrò ní ti oṣooṣù, ó di ti ọdún kan, àsansílẹ̀, pẹ̀lú owó àgíríìmẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ̀n ejẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, owó ni ó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí ó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ikùn sì ṣì ń bèèrè lójoojúmọ́. Ìdì tí ìyá dì fún oúnjẹ oṣù Ògún ni wọ́n ń tú ní oṣù Bélú láti fi san yàrá.

Ọmọ tí ó bá dé inú yàrá náà lónìí, ìṣírò rẹ̀ le ju ti agolo gàrí lọ. Mítà iná lè jẹ́ ẹyọ kan fún ọgbà tí ó ní yàrá mẹ́wàá. Gbogbo ayálégbé yóò dá owó jọ ra iná, wọn yóò sì máa wo ara wọn lójú lórí ẹni tí ń fi áyọ́ọ̀nù lọṣọ lójoojúmọ́ àti ẹni tí ó fi iná mànàmáná se ẹ̀wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbì 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ fi gbẹ́sẹ̀ sókè láti Atosin dé Àkúrẹ́, tí owó gàrí sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Igbe 2024, ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: Ààrẹ buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ń ṣàkóso iná mànàmáná sì gbé owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n ń fún níná jù lọ dé 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ẹ̀yáwó náà ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹ-ìmu. Mo yin ìjọba fún un, nítorí owó tí ń dé lóṣooṣù jẹ́ ohun tí ìdílé àgbẹ̀ kò tíì ní rí. Ṣùgbọ́n kò sí onílé kan tí ń gba 20,000 lóṣù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ń bèèrè ti ọdún kan.

Ó yani lẹ́nu bí àpò oúnjẹ ṣe padà dé. Ní àwọn ọkọ̀ tí ń ti Ìdànrè lọ sí Àkúrẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí i lábẹ́ àga: gàrí yíyan, iṣu, epo nínú kẹ́ẹ̀gì, ata tí a ti lọ̀ tí a sì ti dín gbẹ kí ó lè pẹ́. Èésú náà padà, orí fóònù ni wọ́n ti ń dá a báyìí, ẹni tí ó kàn ń gba ìsọfúnni dípò kí ó ka owó. Àwọn alábàágbé tí ó gbọ́n ń se ìkòkò ọbẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni kan dá ata, ẹni kan dá ẹja, ẹni kẹta dá gáàsì, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kí ìjà má baà bẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní kíláàsì. Ilé ni wọ́n ti rí i.

Owó kòkó pàápàá ti ṣe ohun tí a kò rí rí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, nítorí pé òjò àti àrùn ba kòkó Gánà àti Ivory Coast jẹ́, àgbẹ̀ Ìdànrè tí igi rẹ̀ sì so rí owó tí bàbá rẹ̀ kò rí. Púpọ̀ nínú wọn san owó ilé ọmọ wọn láìyáwó lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó gòkè mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀, igi kòkó Ìdànrè púpọ̀ sì ti darúgbó.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, láti oṣù Ẹrẹ́nà dé oṣù Ọ̀pẹ. Ní 2022, wọ́n tún fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé dé ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Wọ́n ní ìdí tiwọn, ìdí náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí bàbá rẹ̀ ta kòkó oṣù Ọ̀pẹ 2021, tí ó san owó yàrá ọdún kan, tí ó padà wá sí Atosin ní oṣù Èrèlé láti lọ máa ro oko, tí yàrá wà ní títì pẹ̀lú ibùsùn, sítóòfù àti ìwé rẹ̀ nínú, tí kálẹ́ńdà onílé sì ń ka ọjọ́ lọ. Nígbà tí kíláàsì ṣí, owó ọdún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sì ń bèèrè òmíràn, ìkórè ńlá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀yin onílé wa ní Àkúrẹ́, tí púpọ̀ nínú yín ti inú owó kòkó gbé ilé dìde, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ṣòro: ẹ pín owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ sí méjì, ẹ gba ìdajì ní oṣù Ọ̀pẹ nígbà tí ìkórè ńlá bá ti wọlé, ẹ gba ìdajì ní oṣù Òkúdù nígbà tí kékeré bá parí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àgíríìmẹ́ǹtì pé oṣù tí yunifásítì bá fi ti ilẹ̀kùn, ẹ ó fi ìdá kan nínú rẹ̀ kún ti ọdún tí ń bọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà.